Dígí tí Bàbá Mi Gbé Jáde

Òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Okere, ní ìlú Warri, kò jọ ti ṣọ́ọ̀bù kankan ládùúgbò náà. Kẹrosíìnì ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí bàbá mi kì í gé gíláàsì láìkọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀bẹ wọn bọ inú agolo kẹrosíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Tí o bá wọlé tán ni wàá wá gbọ́ òórùn pọ́tì tí a fi ń lẹ gíláàsì mọ́ férémù, tó ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò, àti òórùn ẹja tí ìyàwó onílé wa ń yan lẹ́yìnkùlé, nítorí iwájú ilé tí a ń gbé náà ni ṣọ́ọ̀bù wà. Títí dòní, níbikíbi tí mo bá ti gbóòórùn kẹrosíìnì, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo tún ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ yẹn lórí gíláàsì, lẹ́yìn rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, kí gíláàsì tó là sí méjì lọ́wọ́ wọn láìfọ́. Mo ti fi àwọn awò tó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ wo ọ̀run, mo sì ti bá àwọn tó ń ṣe irú awò bẹ́ẹ̀ jókòó, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọwọ́ tó mọ gíláàsì bí ọwọ́ bàbá mi. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Wọn ò tíì gbéyàwó nígbà tí wọ́n dé Warri, wọ́n sì ń ta gíláàsì lúfà, dígí ògiri àti gíláàsì férémù fọ́tò. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ sí mi nílé, pijin ni èmi fi ń dá wọn lóhùn bíi gbogbo ọmọ Warri, a sì gbọ́ ara wa yé dáadáa. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja tó ń gbé etí odò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo ló wà láyé, èyí tí wọ́n yà ní Agbassa, ní Warri níbẹ̀, kí wọ́n tó lóyún mi: wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n yí aago ọwọ́ wọn síta kí gbogbo ayé lè rí i, ojú wọn sì ṣe bí ojú ẹni tó fẹ́ sín. Bàbá mi fúnra wọn ló gé gíláàsì tó bo fọ́tò náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, lókè àga tí wọ́n máa ń jókòó sí. Èmi ò rántí ìyá mi rárá, kí n má purọ́ fún ọ. Fọ́tò yẹn ni mo mọ̀. Bí oníbàárà bá bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀, bàbá mi á ní, ìyàwó mi nìyẹn, ẹ kí i. Àwọn mìíràn á sì kí wọn lóòótọ́.

Bí irú èmi ṣe wá di ẹni tó ń fi agbo ìràwọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, nítorí pé ojú ọ̀run Warri kì í dúdú. Iná gáàsì tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń jó tọ̀sán-tòru máa ń mú kí ìkùukùu pọ́n bí epo pupa. Ìràwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lèèyàn máa rí lọ́jọ́ tó bá dára. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ kà á pé ìràwọ̀ kì í dá gbé, pé agbo-agbo ni wọ́n wà, ọ̀kẹ́ àìmọye nínú agbo kọ̀ọ̀kan, àti pé àwa pẹ̀lú oòrùn wa ń gbé nínú ọ̀kan. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní kí ni a fi ń wo àwọn agbo tó kù, mo ní gíláàsì ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló wá kù tí a ò tíì rí i? Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti wà ní yunifásítì, mò ń kọ́ físíìsì, àwọn olùkọ́ wa yan iṣẹ́ lódì, gbogbo wa sì padà sílé. Ìgbà náà ni ìjà Warri ń gbóná. Àwọn ẹ̀yà ìlú náà ń jà nítorí ilẹ̀, wọ́n ń jà nítorí ibi tí wọ́n máa gbé ilé ìjọba ìbílẹ̀ sí, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó ni ìlú. Á rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, á tún ru sókè. Ojú máa ń ti bàbá mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé bí ìjà bá ti parí ni ọjà wa máa ń yá, nítorí gíláàsì fèrèsé ló máa ń kọ́kọ́ fọ́. Tọ̀tún-tòsì ló ń wá ra lúfà lọ́wọ́ wa. Èyí ni bàbá mi fi gbà pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn wá. Wọ́n ní ìjà onílé kò kan àlejò, pàápàá àlejò tó ń bá onílé tún fèrèsé ṣe. Wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà: YORUBA MAN SHOP. NO BURN ABEG. Gbogbo Yorùbá ará ilé wa tó ń tajà ní Okere ló kọ irú rẹ̀.

Nítorí pé mi ò níṣẹ́ ṣe, mo ní mo fẹ́ ṣe awò tí mo máa fi wo agbo ìràwọ̀, kí n gbé e lọ sí abúlé wa ní Ìjẹ̀bú níbi tí òkùnkùn wà. Àbúrò ìyá mi, tó ń pẹja tó sì tún ń ra àjákù ọkọ̀ ojú omi, bá wa wá gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ méjì, róbótó, tó nípọn bí ìka mẹ́ta. Èèyàn á gbé ọ̀kan lé orí dúrọ́ọ̀mù, á da omi àti iyanrìn líle tí àwọn tó ń pọ́n irin ń lò sí i lójú, á gbé èkejì lé e lórí, á wá máa tì í lọ tì í bọ̀, á sì máa yí dúrọ́ọ̀mù po bó ṣe ń tì í. Bó bá pẹ́, ti òkè á jin sínú bí àwo. Ti òkè yẹn ló máa di dígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ. Oṣù méjì ni èmi àti bàbá mi fi ń yí dúrọ́ọ̀mù yẹn po lẹ́yìnkùlé, láàárín èéfín ẹja. Onílé wa, àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ń jà, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n á máa bi wá pé ìgbà wo ni ògì náà máa kúnná. Mi ò tíì sún mọ́ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń bá wa sọ ọ́.

Nígbà tó jin tó, ó kan kí a mú kó máa dán. A yọ́ ọ̀dà dúdú bíi ti ojú títì sórí gíláàsì ìsàlẹ̀, a fi ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi ń mú gíláàsì dán, tí a pò mọ́ omi, sí i, a sì ń fi dígí ra á. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́, títí a fi ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ kí àbúrò ìyá mi létí odò. Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ wọn pupa dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà rárá. Wọ́n ní, "Pùròfẹ́sọ̀, mo ti bá ọ pa etí rẹ̀."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ọ. Oníṣẹ́ gíláàsì kì í fi etí gíláàsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí ló ń ya ọmọdé lọ́wọ́, òun ló ń ya ẹni tó ń nu fèrèsé. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá bàbá mi kọ́ wọn nìyẹn: bí o bá gé e tán, pa etí rẹ̀, kó má mú mọ́. Wọ́n wá ti fi gbogbo agbára àtàǹpàkò wọn tẹ etí dígí náà yí ká lórí ọ̀dà, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bí ẹni ń ṣe é fún dígí tí wọ́n máa gbé kọ́ yàrá ìyàwó tuntun. Ó ń dán gbinrin. Wọ́n ní kí n wò ó. Mo wò ó, ó lẹ́wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti fèrèsé yàrá mi, mo tan àtùpà kékeré síwájú dígí náà, mo sì mú bíléèdì, mo ń fi gé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ sí ojú mi. Bí dígí bá dára, òjìji bíléèdì á bo gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa kò bò. Àárín rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ sì ń tàn yòò yí po, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé etí náà ti tẹ̀ lọ sílẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ tó kò tó fífẹ̀ irun orí, kò sí ojú tó lè rí i, ojú bàbá mi pàápàá kò lè rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìràwọ̀ kan tí dígí náà máa kó jọ sójú kan mọ́ láyé. Ohun tó kù ni kí a padà sórí iyanrìn, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, bàbá mi bi mí bó ṣe rí. Mo ní, "Papa, e fine."

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé màá sọ fún wọn ní ọ̀la. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé dígí náà jáde fún àwọn oníbàárà, wọ́n ń sọ fún wọn pé ọmọ òun máa fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Warri, pé òun pẹ̀lú bá a fọwọ́ sí i. Onílé wa gbọn ọwọ́ bàbá mi. Mo ní ó di ọjọ́ Ajé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, mo la ẹnu mi, wọ́n gbójú sókè, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo pa ẹnu mi dé. Kí ó má baà hàn pé iṣẹ́ ti dúró, mo tún gbé dígí náà padà sórí ọ̀dà bí a ti máa ń ṣe é, mo sì kọ́ wọn pé bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọn ò gbọdọ̀ fà á tipátipá, kí wọ́n máa da omi sí i, kí wọ́n máa yọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ lọ sí Orhuwhorun, ìlú kan tí kò jìnnà sí Warri, lọ́dọ̀ káfíńtà tó ń bá mi kan àpótí gígùn tí dígí náà máa wà nínú rẹ̀, láti sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró ná, pé dígí ti bàjẹ́. Irú èèyàn wo ni mo jẹ́! Káfíńtà ni mo lè sọ ọ́ fún.

Mi ò tíì jókòó tó wákàtí kan lọ́dọ̀ káfíńtà náà tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ láti ọ̀nà Warri. Wọ́n ní ìjà ti bẹ́, wọ́n ní ìbọn ń dún, wọ́n ní wọ́n ń jó ilé. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn sójà ti dí ọ̀nà, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Mo gun orí òkè ilé kan tí káfíńtà náà ń bá ẹnìkan kan òrùlé rẹ̀, mo rí èéfín. Ó pọ̀, ó sì pín sí oríṣiríṣi ibi. Àwa tó ń wo ìràwọ̀ mọ bí èèyàn ṣe ń na ọwọ́ sọ́ọ̀ọ́kán, tó máa di ìkúùkù, tó sì máa fi wọn ojú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo fi táǹkì omi gíga kan tí mo mọ̀ ṣe àmì, mo wọn ìkúùkù méjì lápá òsì rẹ̀, mo ṣírò ọ̀nà, mo tún un ṣírò. Okere ni èéfín tó dúdú jù lọ nínú gbogbo wọn ti ń jáde. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta nítorí mo ń wá àṣìṣe, mi ò rí àṣìṣe kankan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní Orhuwhorun. Ìyàwó káfíńtà ń fún mi ní oúnjẹ. Fóònù kan wà lọ́dọ̀ ẹnìkan ládùúgbò náà. Mo pe ti onílé wa títí, ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e, nígbà tó di ọjọ́ kejì kò tilẹ̀ dún mọ́. Mo lọ bá àwọn sójà lójú ọ̀nà, mo ní bàbá mi ń dá wà ní Okere. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí, ó ní, "My sister, everybody get papa for Warri," ó sì yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ibi tí mo wà àti ibi tí bàbá mi wà, ọ̀kadà máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ọ́ ni. Láti ìgbà yẹn mo ti wọn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fi àìmọye ọdún rìn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó jìn lójú mi tó ti ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n jẹ́ kí a kọjá, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn ín. Nígbà tí mo dé Okere, ilé wa ti jó délẹ̀. Gbogbo gíláàsì lúfà inú ṣọ́ọ̀bù ti yọ́, ó ti dì mọ́ ilẹ̀ bí omi ọṣẹ tó gbẹ. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé òdìkejì títì ló rí mi, ó sáré wá dì mí mú, ó ní kí n má sunkún, bàbá mi wà láàyè. Òun ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ọmọkùnrin tó wá jó ilé náà ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn wa, wọ́n tilẹ̀ kí bàbá mi. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Baba, we no get your matter. Na the landlord house we come burn. Carry wetin you fit carry, comot."

Àṣìṣe gbogbo wa nìyẹn, gbogbo àwa àlejò tó kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn. A kọ orúkọ ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó bá ẹni tó yá a jà. Ẹni tó ni ilé ni wọ́n ń bá jà, ilé kan ṣoṣo sì ni. Onílé wa àti ìyàwó wọn ti sá lọ kí àwọn ọmọkùnrin náà tó dé. Bàbá mi nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin náà sì fún wọn láyè láti kó ẹrù díẹ̀, ìwọ̀nba àkókò tí iná fi máa sọ̀kalẹ̀ láti òkè ilé.

Mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ni mo ti bá bàbá mi, lórí ẹní, láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ti sá wá síbẹ̀. Aṣọ ọjọ́ Ajé ló ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo wólẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà wọ́n fa nǹkan kan jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n fi bùbá wọn wé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jẹ́jẹ́. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ láti ibi tó ti wúwo lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹrù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àní kẹ́tù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá pàápàá, ti mọ́ṣáláṣí ni.

Mo bi wọ́n pé fọ́tò màmá mi ńkọ́.

Bàbá mi gbé dígí náà sórí itan wọn. Wọ́n ní, "Dígí yìí ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà yẹn. Mo sì rántí bí o ṣe ní n kò gbọdọ̀ fà á tipátipá. Mo ń da omi sí i, mo ń yọ́ ọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi máa já, tí mo ní kí n lọ mú ìyá rẹ, iná ti dí ojú ọ̀nà iwájú." Wọ́n wá nu ojú dígí náà pẹ̀lú etí bùbá, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kò ní àpá. Wò ó, kò ní àpá kankan."

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń sọ pé bàbá tòótọ́ nìyí, ẹni tó fi gbogbo ọjà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwé ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni ǹ bá sọ? Sọ fún mi, kí ni mo tún lè sọ lórí ẹní yẹn, níwájú gbogbo èèyàn, fún ẹni tó ti sọ gbogbo ohun tó kó jọ nílé ayé nù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan? Mo gba dígí náà, mo rí ojú mi nínú rẹ̀, mo sì kórìíra ojú náà.

Bàbá mi kò padà sí Warri mọ́. Wọ́n lọ jókòó sí Ìjẹ̀bú, wọ́n gbé dígí náà sórí tábìlì ní pálọ̀, kò sì sí àlejò tó wọlé tí wọn kì í sọ fún pé nǹkan tí ọmọ òun fi ń wo ọ̀run nìyí; mo ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé mo ti lò ó. Èmi parí ìwé mi, mo lọ sókè òkun, mo di ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí agbo ìràwọ̀ méjì ṣe máa ń wọ inú ara wọn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìràwọ̀ á máa lu ara wọn fọ́ nínú rẹ̀. Rárá o, àyè pọ̀ láàárín wọn, wọ́n á kọjá lára ara wọn ni. Ó wù mí kí ìlú èèyàn máa rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún tí mo bá wálé, mo máa ń ní lọ́kàn pé lọ́tẹ̀ yìí màá sọ òótọ́ fún bàbá mi. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ọkọ̀ láti Èkó. Bí mo bá ti rí dígí yẹn lórí tábìlì pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí mo gbà wá ni mo máa ń sọ dípò rẹ̀.

Ọdún kan, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kú, àwa méjèèjì nìkan wà ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti pinnu. Mo ní, "Papa, one matter dey." Wọn ò gbọ́ mi, etí wọn ti di, wọ́n ń wo dígí náà. Wọ́n ní, "O ò sọ fún mi rí. Nígbà tí o fi wo ọ̀run, kí lo rí nínú rẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n tẹ ara wọn síwájú bí ẹni tó ti ń dúró de ìdáhùn yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo fi Yorùbá dá wọn lóhùn, èmi tí mo máa ń fi pijin dá wọn lóhùn láti kékeré. Mo ní mo rí agbo ìràwọ̀ tó sún mọ́ tiwa, pé ó rí bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára gíláàsì, funfun fẹ́ẹ́, pé ó dúró síbẹ̀ kò sì parẹ́. Inú awò ẹlòmíràn ni mo ti rí i, ní ìlú òyìnbó. Bàbá mi fi ẹ̀yìn ti àga, wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó dáa nígbà náà. Ìyá rẹ kò ní bínú sí mi."

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ti ń gbé rù láti gbogbo ọdún yẹn, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ẹbí ní kí n wá fọ́tò ìyá mi, kí àwọn tẹ àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ìwé ètò àdúà. Mo ní kò sí. Àbúrò ìyá mi gbìyànjú láti ṣàpèjúwe ojú wọn fún mi, ṣùgbọ́n òun náà ti darúgbó, ohun tó sọ lónìí yàtọ̀ sí ohun tó máa sọ lọ́la. Èmi gan-an, aago ọwọ́ wọn nìkan ló ṣì dá mi lójú. Ọmọ mi obìnrin bi mí ta ni òun jọ, mo ní mi ò mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ń sunkún. Iṣẹ́ tó fi oṣù mẹ́fà ṣe ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ṣe, ó sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo ti ń fi iṣẹ́ náà yangàn níwájú àwọn àlejò wa. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé mo lè pariwo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

Ó ní, "Inú yín ń dùn púpọ̀ nígbà yẹn, Mà."

Mi ò lè bá a wí. Mo ní kó jókòó, mo fún un ní omi, mo sì sọ fún un pé bí inú ẹnikẹ́ni bá ti ń dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ti bàjẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó sọ ọ́, nítorí kò mọ ohun tí ẹni náà máa fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ń wò mí, ọ̀rọ̀ náà kò yé e, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ Okere. Ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nígbà tí bàbá mi gbójú sókè, ìyá mi ni wọn ì bá gbé jáde.